Fíríìjì tí bàbá yín fi sílẹ̀: ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n gé páìpù rẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ìlú Ondo ni mo ti ń kọ̀wé. Oníkòkó ni bàbá mi, ọdún 1964 ni wọ́n sì ra fíríìjì kan tó ṣì wà ní pálọ̀ ilé wa títí di òní. Onílẹ̀kùn kan ni, igun rẹ̀ rí róbótó, ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ irin dídán tí èèyàn ń fà kó tó ṣí. Láti ìgbà tí bàbá ti lọ ni a kò ti lò ó mọ́, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́jọ. Nígbà tí a tún ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná lóṣù tó kọjá, ó kùn díẹ̀, ó dún "kà", ó dákẹ́. Ó ṣe díẹ̀, ó tún kùn, ó tún dákẹ́. Ẹni tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú páìpù) ti kú, pé òun máa gé e kúrò, òun á fi tuntun sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Èmi fẹ́ kó ṣiṣẹ́ nínú ilé mi ní Akure, kó sì rí bó ṣe rí nígbà tí bàbá rà á. Àwòrán àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀ nìyí. Fíríìjì oníkẹrosíìnì kan tún wà ní ilé bàbá bàbá mi ní Ìdànrè. Ṣé bákan náà ni wọ́n ṣe ń tún un ṣe?

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun mà. Ẹ má tà á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn tàbí iná kan páìpù rẹ̀ báyìí.

Kíkùn tí ẹ gbọ́ yẹn ń sọ fún wa pé iná dé inú mọ́tò tó wà nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, pé mọ́tò fẹ́ yí, àmọ́ nǹkan kan dá a dúró. "Kà" tó tẹ̀lé e ni ofalódù, ohun kékeré tó wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, tó máa ń já iná nígbà tí mọ́tò bá ń fa iná ju bó ṣe yẹ lọ, kí wáyà inú rẹ̀ má baà jóná. Iná tó rẹlẹ̀ lè fa èyí. Ríléè, àpótí kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti dìde, lè fà á bó bá dọ̀tí. Wáyà tó ti gbó lè fà á. Òróró tó ti dì nítorí ọdún pípẹ́ lè fà á. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó bàjẹ́ náà lè fà á, àmọ́ òun ló yẹ ká fura sí kẹ́yìn, torí òun nìkan ló béèrè pé ká gé páìpù.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ páìpù ni pé ilé iṣẹ́ tó ṣe fíríìjì yẹn ti dí i pa láti ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Ó ṣeé ṣe kí gáàsì àti òróró ọjọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀ lónìí. Lójú ẹsẹ̀ tí ayùn bá wọ̀ ọ́, gáàsì á jáde, afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa yìí tó kún fún ọ̀rinrin á wọlé, omi inú afẹ́fẹ́ náà á sì wọ inú òróró. Gáàsì tó jáde yẹn kò ṣeé rà padà mọ́. Nínú àkọlé tí ẹ yà ní fọ́tò, mo rí "F-12, 5 oz". Freon 12 nìyẹn, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní R12. Thomas Midgley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní nǹkan bí 1930, nítorí pé àwọn gáàsì tí fíríìjì ń lò ṣáájú ìgbà náà, bíi sulphur dioxide, jẹ́ májèlé tí ń bá èèyàn jà nínú ilé. Ìtura ńlá ló jẹ́ nígbà náà. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá rí i pé ó ń ba ozone jẹ́, ìyẹn ohun tó ń dáàbò bò wá lókè lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Àdéhùn Montreal ti 1987 ló fòfin dè é. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè àgbà dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1996, àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa sì ní títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2010. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé òun máa rọ "R12 tuntun" sí i fún yín, ẹ bi í léèrè ibi tó ti rí i.

Kí n tó wọ inú iná, ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn kọ́kọ́ wà. Irú ilẹ̀kùn tí ẹ ṣàpèjúwe yẹn kò ṣeé ṣí láti inú. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé tó ń ṣeré wọ inú irú fíríìjì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti pa tì, ilẹ̀kùn sé mọ́ wọn, wọ́n sì kú síbẹ̀. Ìyẹn ló mú kí ìjọba wọn ṣe òfin ní 1956 pé gbogbo fíríìjì tí wọ́n bá ṣe láti 30 October 1958 gbọ́dọ̀ ṣeé tì láti inú kó ṣí. Òfin yẹn kò de èyí tí wọ́n ṣe níbòmíràn. Tiyín lè jẹ́ ti 1964 kó ṣì wà lára àwọn tó ń há èèyàn mọ́. Lónìí, mà, kí ẹ tó wá ẹnikẹ́ni: lára fírémù, níbi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ti ń bu irin mú, ẹ óò rí irin kékeré kan tí súkúrúù méjì dì mú. Ẹ tú u. Ẹ fi òun àti súkúrúù rẹ̀ sínú ọ̀rá, ẹ kọ nǹkan sí i lára kó má sọnù. Ilẹ̀kùn á kàn máa fì lásán, ọmọ tó bá sì wọ ibẹ̀ á lè jáde. Mi ò gbà kí ìyẹn di ọ̀la.

Ó yá, iná. Àkọlé yẹn sọ pé 220/240 fọ́ltì, 50 cycles (iye ìgbà tí iná ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan). Inú mi dùn sí ìyẹn, torí iná tiwa gan-an ni. (Ẹlòmíràn tó ń ka èyí lè ní èyí tí wọ́n gbé wá láti Amẹ́ríkà, 115 fọ́ltì, 60 cycles. Ìyẹn kò kàn nílò transformer tó ń sọ̀ iná kalẹ̀ lásán. Ní 50 cycles, mọ́tò yẹn á máa yí díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ooru rẹ̀ á sì pọ̀. Nǹkan bí 96 fọ́ltì ló yẹ kó gbà nílẹ̀ wa, kì í ṣe 115. Transformer tó ń mú 100 jáde ló sàn fún un.)

Ẹ ní kí ẹni tó mọ mítà (ẹ̀rọ kékeré tí oníná fi ń wọn iná) lò wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn nígbà tí fíríìjì ń kùn gan-an, kì í ṣe nígbà tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti máa ń ṣìnà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì lè fi 215 hàn lásán, kó já wálẹ̀ sí 170 lójú ẹsẹ̀ tí mọ́tò bá fẹ́ dìde, torí pé wáyà ilé tín-ín-rín, tàbí ojú ibi tí wọ́n so ó mọ́ ti tú. Ní alẹ́ pàápàá, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá tan iná, kò ṣàjèjì kí iná ìjọba fúnra rẹ̀ má ju 160 tàbí 170 lọ. Bí ohun tí ẹ bá rí nígbà tó ń kùn kò bá tó 200, ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó dára, tàbí ẹ dúró di àárọ̀ kùtùkùtù. Fíríìjì tí iná rírẹlẹ̀ kò jẹ́ kó dìde pọ̀ lára àwọn tí wọ́n ti sọ pé ó kú.

Ẹ má sì jẹ́ kó máa kùn, kó máa dákẹ́, kó máa kùn, fún wákàtí kan. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán kí agbára gáàsì ní ìhà méjèèjì tó dọ́gba. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ dáwọ́ dúró, ó di ọ̀rọ̀ ríléè.

Ríléè ni àpótí kékeré dúdú tó wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó fi iná sí wáyà ìbẹ̀rẹ̀ inú mọ́tò fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kó sì já a kúrò nígbà tí mọ́tò bá ti dìde. Nínú ti ayé àtijọ́, irin wúwo kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń fò sókè bí iná bá ti wọlé, tí ń já bọ́ padà. Bí fíríìjì bá jókòó fún ọdún mẹ́jọ, ojú ibi tí irin yẹn ń kàn lè ti dípẹtà, tàbí kí irin náà ti lẹ̀ mọ́ ibi tó wà. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kúrò nínú iná, ẹ yọ ríléè, ẹ mì í: ó yẹ kí ẹ gbọ́ kí nǹkan máa sún nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dúró bó ṣe máa ń dúró, mítà gbọ́dọ̀ sọ pé ojú ibẹ̀ ṣí. Bí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, mítà gbọ́dọ̀ sọ pé ó pa dé. Bí kò bá ṣe méjèèjì, ẹ ti rí àìsàn yín, owó ríléè kò sì tó ohun tí a lè fi wé owó kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Tuntun tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ bá agbára mọ́tò náà mu, 1/8 tàbí 1/6 horsepower. Ríléè tó tóbi jù kò ní gbéra rárá, èyí tó kéré jù kò ní fi wáyà ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ títí á fi jóná.

Ibi tí wọ́n ti yọ ríléè, ẹ óò rí ẹsẹ̀ mẹ́ta tó yọ jáde lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́ta yìí ló ń sọ òtítọ́ nípa mọ́tò, kò sì sí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti pe kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yín ní òkú láìwọ̀n wọ́n. Ẹ yí mítà sí ohm, ẹ wọn wọ́n ní méjì méjì, ẹ óò rí nọ́ńbà mẹ́ta. Èyí tó tóbi jù gbọ́dọ̀ jẹ́ àròpọ̀ méjì yòókù. Bí ẹ bá rí 12, 30 àti 42, fún àpẹẹrẹ, wáyà inú rẹ̀ pé. Bí ọ̀kan nínú wọn kò bá mú nǹkan kan wá, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ sì ti tutù dáadáa, wáyà ti já nínú. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́ ara irin kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, níbi tí ẹ ti ha ọ̀dà rẹ̀ kúrò: mítà kò gbọdọ̀ ka nǹkan kan rárá. Bó bá ka nǹkan, iná ti ń yọ́ sí ara irin. Ẹ má tún kì í bọ iná mọ́, torí ó lè gbé èèyàn.

Bí nọ́ńbà bá pé, tí ríléè dára, tí iná tó, tí kò sì tún dìde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti há. Òróró inú rẹ̀ máa ń nípọn bó bá pẹ́ láìyí. Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á so kàpásítọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ (ohun kékeré tó ń fi agbára kún bí mọ́tò ṣe ń gbéra) mọ́ wáyà ìbẹ̀rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì, á sì fi òòlù onígi kan ara kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́jẹ́ lákòókò kan náà. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́ tí ìyẹn ti jí kò mọ níwọ̀n, torí pé irin tí wọ́n fi ṣe wọ́n nípọn. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí kò mọ iná o, mà. Ẹ jókòó tì í, ẹ má ṣe é fúnra yín.

Bó bá dìde, ẹ fi ọwọ́ kan páìpù ẹ̀yìn: ó yẹ kó máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo àpótí yìnyín inú rẹ̀ láàárín ìdajì wákàtí: ó yẹ kí yìnyín funfun bò ó yíká. Bó bá jẹ́ apá kan péré ló funfun, tí ìyókù gbẹ, gáàsì ti dín. Bí gbogbo rẹ̀ bá funfun, ẹ gbé ife omi kan sí àárín, ẹ ki tẹmọ́mítà sínú omi náà, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá jẹ́ 4 tàbí 5 digírì, fíríìjì bàbá yín ti jí láìsí pé ẹnikẹ́ni gé nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n ká ní gáàsì ti lọ, tàbí mọ́tò ti jóná ní tòótọ́. Nígbà náà, ó di dandan ká gé e, ohun tí ẹ óò béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ nìyí. Àkọ́kọ́, gáàsì wo? Wọ́n á sọ fún yín pé àwọn máa rọ "134" sínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́. Ẹ kọ̀. R134a kì í bá òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ R12 pọ̀. Òróró á lọ dúró sínú páìpù, kò ní padà wá fún mọ́tò. Òmíràn á sọ pé "600" ni. R600a máa ń bá òróró àtijọ́ lọ, àmọ́ agbára ìmútutù rẹ̀ nínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ R12 kò ju bí ìdajì lọ, ó sì ń gbiná. Tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń darí òtútù) àti súíìṣì gílóòbù fíríìjì yín wà nínú àpótí gan-an, wọ́n sì máa ń ta pàrà iná nígbàkúùgbà tí wọ́n bá ṣí tàbí pa dé. Èmi kò ní fi gáàsì tó ń gbiná sínú irú fíríìjì bẹ́ẹ̀. Ohun tí èmi á ṣe ni pé màá ra kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ R134a tuntun tí horsepower rẹ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba, tí òróró tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀, màá fọ páìpù mọ́ kúrò lọ́wọ́ òróró àtijọ́, màá sì pààrọ̀ fílítà. Nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ìwọ̀n R12 ni gáàsì tó máa gbà: ounce márùn-ún jẹ́ nǹkan bí giráàmù 142, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 125. Ìwọ̀n ni ká fi wọ̀n ọ́n, lórí òṣùwọ̀n, kì í ṣe kí oníṣẹ́ máa fi ọwọ́ kan páìpù kó ní "ó ti tó". Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé e pamọ́. Tiyín ni.

Èkejì, báwo ló ṣe máa fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde? Ọ̀pọ̀ ló kàn máa ń fi gáàsì díẹ̀ lé afẹ́fẹ́ jáde, kí wọ́n wá rọ ìyókù sí i. Ìyẹn ló ń fa kí fíríìjì tutù fún ọ̀sẹ̀ méjì kó wá dáwọ́ dúró. Páìpù kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kápílárì, tí ihò inú rẹ̀ kò ju ìnípọn ẹyọ ọwọ̀ ìgbálẹ̀ kan lọ. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo tó bá dì sí ẹnu rẹ̀ ti dí gbogbo ọ̀nà. Pọ́ǹpù ìfafẹ́fẹ́ gidi ló gbọ́dọ̀ lò, kó ṣiṣẹ́ fún ìdajì wákàtí ó kéré tán. Wákàtí kan sàn jù fún ohun tó ti pẹ́ báyìí. Ẹ̀kẹta, kí gbogbo R12 ti kúrò nínú páìpù pátápátá kó tó tan iná àlùpọ̀ (iná tí wọ́n fi ń jó páìpù pọ̀) sí i. R12 tí iná bá kàn ń di phosgene, èéfín tí wọ́n fi pa ọmọ ogun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí oníṣẹ́ bá ń jó páìpù lọ́wọ́, tí èéfín rẹ̀ sì ń ta èèyàn lọ́fun, kí gbogbo yín jáde síta.

Mo ti pẹ́ lórí ìyẹn torí pé òun ló máa ń pa fíríìjì. Ìyókù jẹ́ iṣẹ́ sùúrù.

Wáyà púlọ́ọ̀gì ọdún 1964 jẹ́ rọ́bà, rọ́bà yẹn á ti le, á ti ń já bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ fi tuntun sí i, títí dé ìdí ríléè àti tẹ́mósítáàtì. Àwọ̀ wáyà ìgbà yẹn lè ṣi yín lọ́nà: pupa ló ń gbé iná, dúdú ni iná fi ń padà, àwọ̀ ewé ni áàtì, wáyà tó ń gbé iná tó bá yọ́ lọ sínú ilẹ̀. Lónìí, pupa rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀, búlúù, àti àwọ̀ ewé tó ní ìlà aláwọ̀ ìyeyè ni. Áàtì ni mo fẹ́ bẹ̀ yín lé lórí. Irin ni gbogbo ara fíríìjì náà, àwọn ọmọ á máa fi ọwọ́ tútù àti ẹsẹ̀ lásán ṣí i. Ọ̀pọ̀ ilé ní Akure ló ní sọ́kẹ́ẹ̀tì oníhò mẹ́ta tí áàtì rẹ̀ kò lọ síbì kankan. Kí ẹ tó gbé e dé, ẹ ní kí oníná wọn áàtì ilé yín; bí kò bá sí, kí ó ri irin áàtì mọ́lẹ̀.

Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn á ti dì bíi pákó. Ẹ ki bébà kan sáàárín ilẹ̀kùn àti fírémù, ẹ tì í, ẹ fà á. Bó bá yọ láìfa ọwọ́ padà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbẹ̀. Ẹ yí i ká, igun kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Ní alẹ́, ẹ tún lè tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Rọ́bà ìgbà yẹn kò ní mágínẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ ilẹ̀kùn ló ń fún un pa, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rọ̀, kó sì ní ihò nínú. Kò dìgbà tí ẹ bá rí ti ilé iṣẹ́. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, oníhò, tó rọ̀, tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ń gé tà, máa ń ṣe é dáadáa bí ìnípọn rẹ̀ bá bá ti àtijọ́ mu. Ẹ gbé ẹ̀já kékeré ti àtijọ́ lọ́wọ́ lọ sọ́jà. Ẹ óò rí súkúrúù rẹ̀ lábẹ́ etí ike inú ilẹ̀kùn; ẹ má tú gbogbo wọn tán lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilẹ̀kùn má baà lọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn ọmọ máa lò ó láìséwu títí ayé, ẹ lè fi mágínẹ́ẹ̀tì tó lágbára rọ́pò irin tí ẹ tú lónìí, kí ọwọ́ ilẹ̀kùn dídán náà wà fún ẹwà. Èmi á ṣe bẹ́ẹ̀.

Lára àwọn fíríìjì ìgbà yẹn, òwú dígí ló wà láàárín irin òde àti àpótí inú, kì í ṣe fóòmù. Òwú yẹn máa ń mu omi. Bí ara fíríìjì bá ń làágùn níta, omi ti wà nínú òwú. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ẹnu fíríìjì ká ni ẹ óò yọ kí ẹ tó débẹ̀, ike yẹn sì máa ń fọ́ bí ẹyin. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná bò ó títí á fi rọ̀, kí ẹ tó fi pẹlẹbẹ igi gbé e sókè. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù fún iṣẹ́ yìí: ẹ ṣí i sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á gbẹ ju bí iná àtọwọ́dá èyíkéyìí ṣe lè gbẹ ẹ́ lọ. Ẹ bo imú àti ọwọ́, òwú dígí máa ń yún èèyàn gidi.

Ní ti ọ̀dà, ẹ tọ àwọn pẹ́ńtà ọkọ̀ lọ ní Akure. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju àwọn oníṣẹ́ fíríìjì lọ. Àwọ̀ gidi tí bàbá rà, ẹ óò rí i lábẹ́ ìdè ilẹ̀kùn níbi tí oòrùn kò dé. Ẹ tú ìdè kan kí wọ́n wò ó kí wọ́n tó po tiwọn. Ọ̀dà ìgbà yẹn lè ní òjé nínú, nítorí náà kí wọ́n máa fi omi rin sáńpépà bí wọ́n ṣe ń ha á, kí eruku má baà tàn ká, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀. Kí wọ́n ha ìpẹtà títí irin á fi funfun, kí wọ́n kun púráímà (ọ̀dà ìpìlẹ̀), kí wọ́n tó kan ọ̀dà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn àti àmì orúkọ, kí wọ́n yọ wọ́n kúrò ná. Kò sí ohun tó ń bí mi nínú bí ọ̀dà lórí irin dídán. Bí ìpẹtà bá wà lára irin dídán yẹn, fóìlì tí a fi ń dì oúnjẹ, tí ẹ rì sínú omi díẹ̀, á hó o kúrò láìha á. Inú rẹ̀ jẹ́ tánganran lórí irin: kànrìnkàn irin kò gbọdọ̀ kàn án láéláé. Kánún ìdáná tàbí baking soda nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó fún ẹ̀gbin àti òórùn. Yìnyín tó bá dì sínú àpótí rẹ̀, ẹ jẹ́ kó yọ́ fúnra rẹ̀. Ọ̀bẹ ló ń lu ibẹ̀ jò.

Kí ẹ tó gbé e láti Ondo wá, ẹ wo ìdí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀: ó sábà máa ń jókòó lórí sípíríǹgì. Bí bóòtù bá wà tí a lè fi dè é mọ́lẹ̀, kí wọ́n dè é fún ìrìn àjò, kí ẹ sì rántí tú u bó bá débẹ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ilé á máa gbọ̀n. Kó dúró nínú ọkọ̀, kí wọ́n fi okùn so ó. Bó bá di dandan kó dùbúlẹ̀, ẹ jẹ́ kó dúró fún ọjọ́ kan gbáko kí ẹ tó ki púlọ́ọ̀gì rẹ̀ bọ iná, kí òróró padà sí àyè rẹ̀.

Nílé yín, ẹ ra ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí iná wọ fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún bí iná bá ti padà dé. Bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ lójijì ló ń pa kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ju ọjọ́ orí lọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" sábà máa ń kùnà láti gbé e dìde, torí pé mọ́tò máa ń fẹ́ iná ìlọ́po mélòó kan nígbà tó bá fẹ́ gbéra. Ẹ má dán an wò. Bó bá jẹ́ inverter, kó jẹ́ pure sine wave, irú tí iná rẹ̀ jọ ti ìjọba.

Ti Ìdànrè yẹn, nǹkan mìíràn pátápátá ni. Kò ní kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, kò ní mọ́tò, kò sí nǹkan kan tó ń yí nínú rẹ̀. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ méjì ní Sweden, Baltzar von Platen àti Carl Munters, ló gbé ọgbọ́n rẹ̀ jáde ní 1922: iná fìtílà kẹrosíìnì ló ń gbóná omi tó ní ammonia nínú, ammonia á kúrò nínú omi, hydrogen á jẹ́ kó lè fà ooru nínú àpótí, omi á sì tún gbà á padà. Bí ilé bàbá bàbá yín ṣe ń rí omi tútù mu kí iná tó dé ìlú nìyẹn. Ó wù mí gan-an pé ẹ ṣì ní i. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi iná àlùpọ̀ kàn án: ammonia àti hydrogen wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú agbára ńlá, kẹ́míkà tí wọ́n sì fi ń dá ìpẹtà dúró nínú páìpù rẹ̀, chromate, jẹ́ májèlé. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè lára páìpù rẹ̀, tàbí òórùn tó ń mú ojú ṣomi, ó ti ń jò: ẹ gbé e síta, kí ó dúró fún wíwò nìkan. Bí kò bá jò, ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú pẹrẹsẹ (ó máa ń kọ̀ láti tutù bó bá dẹ̀gbẹ́), ẹ pààrọ̀ òwú fìtílà rẹ̀, ẹ gbá èédú inú ihò èéfín, ẹ tan án níbi tí afẹ́fẹ́ ń wọlé dáadáa, ẹ sì fún un ní ọjọ́ kan kó tó fi ohun tó lè ṣe hàn. Ó lọ́ra ní ìṣẹ̀dá rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi báyìí ni nọ́ńbà mẹ́ta ti ẹsẹ̀ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yẹn, fọ́ltì sọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tó ń kùn, àti fọ́tò ríléè láti iwájú àti ẹ̀yìn. Irin ẹnu ilẹ̀kùn, ẹ tú u kí ilẹ̀ tó ṣú.